Bí Ara Ọkọ̀ Ṣe Ń Di Jígí

Ọ̀dà aláwọ̀ fàdákà pọ̀ lójú títì. Ó wà lára Corolla, ó wà lára Camry, ó sì máa ń tàn yanranyanran bí oòrùn bá kàn án. Ṣùgbọ́n ẹ kò lè wé gèlè níwájú rẹ̀. Níwájú ọkọ̀ tí wọ́n sọ di jígí, ẹ lè wé e kó gún régé: ojú yín á hàn, òpó iná tó wà lẹ́yìn yín á hàn, ìkùukùu tó ń kọjá lókè náà á hàn. Bí ojú nǹkan ṣe tẹ́jú sí ló fa ìyàtọ̀ yìí.

Bí ìmọ́lẹ̀ bá kan ojú tó tẹ́jú, ọ̀nà kan ṣoṣo ni gbogbo rẹ̀ máa ń gbà padà. Bó bá kan ojú tó rí págunpàgun, á fọ́n ká. Omi inú àwo tó pa rọ́rọ́ máa ń fi ojú ẹni hàn, ṣùgbọ́n bí atẹ́gùn bá ti fẹ́ sí i, àwòrán á pòórá, bẹ́ẹ̀ omi kan náà ni. Ti ara ọkọ̀ tún ṣòro ju ti omi lọ, torí ìgbì ìmọ́lẹ̀ tí ojú wa ń rí kò gùn ju nǹkan bíi 400 sí 700 nanometer lọ, mílíọ̀nù nanometer kan ló sì wà nínú mìlímítà kan; págunpàgun tí ojú lásán kò lè rí ti tó láti fọ́n irú ìgbì bẹ́ẹ̀ ká. Nínú ọ̀dà fàdákà lásán, ìpẹ́ àlùmíníọ́mù wẹ́wẹ́ ló wà káàkiri inú ọ̀dà, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan kọjú sí ibi tó wù ú. Wọ́n ń tàn, wọn kò lè fi àwòrán hàn.

Króòmù tòótọ́, irú èyí tó wà lára bọ́ńpà ọkọ̀ àtijọ́, kì í ṣe ọ̀dà rárá. Inú omi kẹ́míkà ni wọ́n ń ri irin náà sí, wọ́n á wá fi iná mànàmáná lẹ bàbà mọ́ ọn, kí wọ́n tó lẹ níkẹ́ẹ̀lì, kí wọ́n tó wá fi króòmù fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bò ó lókè. Níkẹ́ẹ̀lì abẹ́ rẹ̀ ló ń ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú dídán tí à ń rí. Króòmù ń dáàbò bò ó ni. Oríṣi króòmù tí wọ́n máa ń lò nínú omi náà ń fa jẹjẹrẹ fún ẹni tó bá ń fà á símú, àti pé ta ni yóò rí agbada tó gba odindi ọkọ̀? Ìdí nìyí tí àwọn tó fẹ́ kí ọkọ̀ wọn di jígí látòkèdélẹ̀ fi ń wá ọ̀nà mìíràn.

Ọ̀nà tó wù mí jù nínú wọn ni ti fàdákà gidi. Justus von Liebig, onímọ̀ kẹ́míkà ará Jámánì, ló ṣàkíyèsí rẹ̀ ní 1835, òun náà ni wọ́n sì fi ṣe jígí inú ilé lẹ́yìn náà. Fàdákà tí wọ́n fi áàsìdì yọ́ máa ń di iyọ̀ tó ń jẹ́ silver nitrate. Ó ti pàdánù electron kan, kò sì jọ irin mọ́. Wọ́n á pò ó mọ́ ammonia. Bí ó bá wá pàdé glucose, ìyẹn ṣúgà kan, glucose á fún un ní electron tó pàdánù, fàdákà á tún padà di irin lójú ẹsẹ̀, á sì lẹ̀ mọ́ ohunkóhun tó bá wà níbẹ̀.

Nínú ṣọ́ọ̀bù, ìbọn ọ̀dà olójú méjì ni wọ́n fi ń ṣe é. Fàdákà ń gba ojú kan jáde, glucose ń gba èkejì, wọ́n á sì pàdé lára ọkọ̀. Láàárín ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀, ara ọkọ̀ á kọ́kọ́ pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, lójijì á sì di jígí. Mo fẹ́ràn ìgbà yẹn gan-an. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ gidi ti parí kó tó dé ibẹ̀.

Ọ̀dà dúdú dídán tó ní hádínà, ìyẹn kẹ́míkà tó ń jẹ́ kí ọ̀dà gan, ni wọ́n ń kọ́kọ́ kùn, wọ́n á sì jẹ́ kó gan dáadáa. Fàdákà náà fẹ́lẹ́ débi pé kò lè bo ohunkóhun mọ́lẹ̀. Ojú sáńpépà tó ṣẹ́ kù, eruku kan, pọ́tì tí wọn kò tẹ́ dáadáa, gbogbo rẹ̀ á yọ gàgà ju bó ṣe wà tẹ́lẹ̀ lọ. Dúdú ló dára jù, torí ojú dúdú dídán ti ń fi àwòrán hàn fúnra rẹ̀, ẹ ó ti rí àṣìṣe níbẹ̀ kí owó fàdákà tó wọ̀ ọ́. Abẹ́ àtíbàbà tí ọ̀pọ̀ pénítà wa ti ń ṣiṣẹ́ kò gbe irú iṣẹ́ yìí, pàápàá lásìkò ọyẹ́.

Lẹ́yìn ìyẹn ni fífọ̀. Omi gbọ́dọ̀ tẹ́ lára ọ̀dà náà láìṣẹ́ sí kíkán kíkán. Bó bá ń ṣẹ́, ọ̀rá ọwọ́ ènìyàn ṣì wà níbẹ̀. Omi tí wọ́n yọ́ iyọ̀ tánganran díẹ̀ sí ló kàn, torí òun ló ń jẹ́ kí fàdákà rí ibi dì mú. Omi tí wọ́n fi ń ṣan án kò gbọ́dọ̀ jẹ́ omi ẹ̀rọ tàbí ti kànga, nítorí iyọ̀ inú wọn á sọ fàdákà di kóró funfun bíntín-bìntìn. Omi tí wọ́n ti yọ gbogbo iyọ̀ inú rẹ̀ kúrò ni.

Ọ̀dà króòmù inú agolo rọrùn ju èyí lọ. Ìpẹ́ àlùmíníọ́mù tó fẹ́lẹ́ gan-an ló wà nínú rẹ̀, wọ́n á fín in díẹ̀díẹ̀ sórí dúdú kí ìpẹ́ náà lè sùn gbalaja lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Ó ń dán, àfi ìgbà tí klíà, ìyẹn ọ̀dà aláìláwọ̀ tí wọ́n fi ń bò ó lókè, bá dé. Tìnà inú klíà máa ń gbé ìpẹ́ náà dìde, jígí á sì di eérú. Fàdákà gidi náà nílò klíà, torí sulphur inú afẹ́fẹ́ á sọ ọ́ di dúdú, gẹ́gẹ́ bó ṣe ń ṣe òrùka. Ìyẹn ni mo ṣe ń sọ pé àwòrán tí wọ́n yà ṣáájú klíà kì í ṣe ẹ̀rí iṣẹ́. Bó bá sì jẹ́ àwọ̀ wúrà lẹ fẹ́, inú klíà ni wọ́n ń da aró rẹ̀ sí.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fojú kéré ewu rẹ̀. Fàdákà tí wọ́n pò mọ́ ammonia kò ṣeé tọ́jú di ọ̀la. Bó bá pẹ́ tàbí tó gbẹ, ó lè bú gbàmù. Silver nitrate ń sọ awọ ara di dúdú, ó sì lè ba ojú jẹ́. Hádínà inú klíà lè fa asthma, aṣọ tí a so mọ́ imú kò sì dá a dúró.

Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tó ń kọ mànà látòkèdélẹ̀ kò tilẹ̀ gba ọ̀dà kankan. Rọ́bà tí wọ́n fi irin bò, irú èyí tí ilé iṣẹ́ Avery Dennison ń ṣe, ni wọ́n wé mọ́ ọn. Ó ṣeé ṣí kúrò. Fàdákà kò rí bẹ́ẹ̀: bí ọ̀kadà bá ha ilẹ̀kùn kan, kò sí bí ẹ ṣe lè lẹ ojú ibẹ̀, odindi ilẹ̀kùn náà ló máa padà sí dúdú. Lójú tèmi, ìdérí dígí ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ tàbí ríìmù ló yẹ kéèyàn fi bẹ̀rẹ̀. Kí pénítà náà kọ́kọ́ ṣe ẹyọ kan, kó fín klíà sí i, kó gan tán, kí ẹ wá gbé e jáde síta lọ wò nínú oòrùn kí ẹ tó sanwó ìyókù.