Ìpíndọ́gba Máàkì: Kí Ni Ó Ń Sọ Nípa Ọmọ Wa?

Nígbà tí táàmù kẹta bá ń parí lọ, tí àwọn ọmọ bá gba káàdì wálé, fọ́ọ̀mù ẹ̀yáwó fún owó ilé-ẹ̀kọ́ a máa pọ̀ níwájú àwọn akọ̀wé ẹgbẹ́. Òbí kan ń yá owó kí ó lè mú ọmọ kúrò ní ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba lọ sí ti aládàáni. Òmíràn ń yá a fún lẹ́sìnnì. Ohun tí ó sì máa ń tì wọ́n sí i nígbà púpọ̀ ni pé wọ́n gbọ́ pé máàkì ọmọ wọn kéré sí ti gbogbo Nàìjíríà, tàbí pé ó ju ìyẹn lọ. Owó tí gbogbo wa jọ kó jọ ni a fẹ́ ná lórí ọ̀rọ̀ yìí, nítorí náà ó yẹ kí a mọ ohun tí irú àfiwé bẹ́ẹ̀ ń sọ, kí a sì mọ ohun tí kò sọ.

Ẹ jẹ́ kí á fi ìwé owó ẹgbẹ́ ṣe àpẹẹrẹ. Ká ní ènìyàn mẹ́wàá wà nínú ẹgbẹ́ kan. Àwọn mẹ́sàn-án ń fi ₦2,000 pamọ́ lóṣù, ẹni kẹwàá, tí ọjà rẹ̀ ń tà, ń fi ₦52,000 pamọ́. Àròpọ̀ rẹ̀ jẹ́ ₦70,000. Bí a bá pín in sí ọ̀nà mẹ́wàá, ìpíndọ́gba jẹ́ ₦7,000. Ṣùgbọ́n kò sí ẹnì kan nínú wọn tí ń fi ₦7,000 pamọ́! Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ti máàkì. Bí àwọn kan bá ga jù, tàbí tí àwọn kan bá lọ sílẹ̀ jù, wọn a fa ìpíndọ́gba sọ́dọ̀ ara wọn. Nítorí èyí, ohun tí a ó kọ́kọ́ béèrè ni pé: àwọn ọmọ wo ni a kà mọ́ ọn?

Ní ọdún 2021, NBS, iléeṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tí ń kó ìsirò ìlú jọ, pẹ̀lú UNICEF, ṣe ìwádìí láti ojúlé dé ojúlé káàkiri Nàìjíríà. Wọ́n fún àwọn ọmọ ọdún 7 sí 14 ní ìtàn kékeré kà, irú èyí tí ọmọ kíláàsì kejì tàbí ìkẹta yẹ kí ó lè kà. Wọ́n tún ní kí wọ́n ka nọ́ńbà, kí wọ́n sọ èyí tí ó tóbi jù nínú méjì, kí wọ́n sì ṣe ìròpọ̀. Nínú ọgọ́rùn-ún ọmọ, nǹkan bí 27 péré ni ó mọ̀wé kà dé ìwọ̀n yẹn. Nǹkan bí 25 ni ó mọ ìṣirò rẹ̀. Ó bani nínú jẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ ṣàkíyèsí pé inú ilé ni wọ́n ti bá àwọn ọmọ, kì í ṣe ilé-ẹ̀kọ́, nítorí náà ọmọ tí kò wọ kíláàsì rí wà lára wọn. Ọmọ Onikan tàbí Ìsàlẹ̀ Èkó tí ó wà ní kíláàsì karùn-ún, tí kì í pa ilé-ẹ̀kọ́ jẹ, kò tíì ṣe nǹkan kan bí ó bá ju ìwọ̀n yìí lọ. Iṣẹ́ ọmọ kíláàsì kejì ni.

Èyí tí ó máa ń da àwa ará Èkó láàmú jù ni ti Kọ́mọ́ọ̀nù, ìdánwò tí NECO ń ṣe fún àwọn tí ó fẹ́ wọ ilé-ẹ̀kọ́ girama ti ìjọba àpapọ̀. King's College, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1909, wà nítòsí wa níhìn-ín lẹ́bàá TBS, kò sì sí òbí tí kò ní fẹ́ kí ọmọ òun wọ ibẹ̀. Ní 2013, nígbà tí ìwé ìròyìn tẹ máàkì àṣewọlé ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan jáde, ariwo ta. Ti Èkó jẹ́ 133 fún ọkùnrin àti obìnrin, ti Ògùn 131, ti Anambra 139. Ti Zamfara jẹ́ 4 fún ọkùnrin, 2 fún obìnrin. Ti Yobe jẹ́ 2 fún ọkùnrin, 27 fún obìnrin. Ọmọ Èkó tí ó gba 130 kò rí ààyè nínú èyí tí a yà sọ́tọ̀ fún ìpínlẹ̀ rẹ̀. Bí òbí rẹ̀ bá bínú, n kò ní bá a jiyàn.

Síbẹ̀, ọ̀pọ̀ ènìyàn ka 133 yẹn bí ẹni pé ìpíndọ́gba àwọn ọmọ Èkó ni, wọ́n sì ka 4 bí ẹni pé gbogbo ohun tí ọmọ Zamfara lè gbà nìyẹn. Kò rí bẹ́ẹ̀. Máàkì tí ó kéré jù tí a lè fi wọlé láti ìpínlẹ̀ náà ni. Apá kan nínú ààyè wà fún àwọn tí ó ta yọ jù ní gbogbo orílẹ̀-èdè, apá kan sì wà fún ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Èkó wà lára àwọn tí ọmọ wọn máa ń pọ̀ jù nínú ìdánwò náà, Zamfara wà lára àwọn tí tiwọn kéré jù. Ibi tí èrò bá ti pọ̀ ju àga lọ, ìjà ni a ó fi jókòó. Ibi tí àga bá ṣẹ́ kù, ẹni tí ó bá ṣáà ti dé yóò jókòó. Ẹni tí ó bá ti wọ dánfó ní Obalende ní aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ mọ ohun tí mò ń sọ.

Ọ̀nà wo ni a wá lè gbà fi ọmọ wé ọmọ tí yóò tọ́? Àpẹẹrẹ rẹ̀ wà nílẹ̀ wa. Ní 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babátúndé Fáfunwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò kan ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní Ilé-Ifẹ̀. Wọ́n fi Yorùbá kọ́ àwọn kan ní ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì àti ìyókù fún ọdún mẹ́fà gbáko, wọ́n sì kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ kan lọ́tọ̀. Àwọn kejì kúrò nínú Yorùbá bọ́ sínú Gẹ̀ẹ́sì lẹ́yìn kíláàsì kẹta, gẹ́gẹ́ bí a ti ń ṣe tẹ́lẹ̀. Àwọn tí a fi Yorùbá kọ́ ṣe dáadáa jù nínú iṣẹ́ wọn, wọn kò sì gbẹ́yìn nínú Gẹ̀ẹ́sì. Àfiwé yìí ní ìtumọ̀ nítorí pé ọmọ kan náà ni, ìlú kan náà, ọdún kan náà. Èdè ni ó yàtọ̀ jù.

Èyí kan àpò wa. Bí káàdì bá sọ pé ọmọ gba 35 nínú ìṣirò, ẹ lọ bi olùkọ́ rẹ̀ pé kí ni ìpíndọ́gba kíláàsì, kí ni ọmọ náà gbà ní táàmù tó kọjá, ta ni ó sì ṣe ìbéèrè ìdánwò náà, ṣé olùkọ́ fúnra rẹ̀ ni tàbí ìjọba. Lẹ́yìn náà, ẹ bi ọmọ ní ìbéèrè kan náà ní Yorùbá: ìyá kan ra ọsàn 24, ó ta 9, mélòó ni ó kù? Bí ó bá dáhùn kíá, tí ó sì kùnà rẹ̀ nínú ìwé Gẹ̀ẹ́sì, ìṣirò kọ́ ni ìṣòro rẹ̀. Ìwé kíkà ni ẹ bá a wá olùkọ́ fún, kí ẹ sì mọ èyí kí ẹ tó ní kí oníduúró buwọ́ lu fọ́ọ̀mù.