Èdè Ilé Tó Gbé Ange Jókòó Ti Puskás

Ní ọdún 1989, ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù South Melbourne Hellas ní Ọsirélíà gba Ferenc Puskás ṣe akọ́nimọ̀ọ́gbá. Àgbà ọ̀jẹ̀ ni. Góòlù 84 ló gbá wọlé fún orílẹ̀-èdè Húngárì. Ṣùgbọ́n Gẹ̀ẹ́sì kò já geere lẹ́nu rẹ̀. Gíríìkì ló gbọ́, nítorí ó ti kọ́ ẹgbẹ́ Panathinaikos ní Athens, ó sì kó wọn dé àṣekágbá ife-ẹ̀yẹ Yúróòpù ní 1971.

Ta ni yóò wá máa túmọ̀ ọ̀rọ̀ rẹ̀ fáwọn agbábọ́ọ̀lù? Balógun ẹgbẹ́ náà ni, Ange Postecoglou. Òun ló ń fi ọkọ̀ gbé bàbá náà káàkiri, òun náà ló ń ṣe ògbufọ̀ rẹ̀.

Athens ni wọ́n bí Ange sí ní 1965. Nígbà táwọn ológun gbàjọba ní Gíríìsì ní 1967, òwò bàbá rẹ̀ dojú dé. Ní 1970, ìdílé náà wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí Melbourne. Ọmọ ọdún 5 ni Ange nígbà náà.

Ọ̀pọ̀ ará Gíríìsì ló ti ṣáájú wọn. Láti ìgbà tí ìjọba Ọsirélíà àti ti Gíríìsì ti ṣàdéhùn ní 1952 ni ọkọ̀ ti ń já wọn sí èbúté Port Melbourne. Iṣẹ́ alágbára ni wọ́n ń ṣe nílé iṣẹ́ ńláńlá, ọ̀pọ̀ òbí kò sì ráyè kọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Ọmọ ló ń tẹ̀ lé ìyá lọ sọ́dọ̀ dókítà, ọmọ ló ń ka lẹ́tà ìjọba fún bàbá. Ìta gé orúkọ wọn kúrú: Dimitris di Jim, Konstantinos di Con. Ní Sátidé, nígbà táwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ń ṣeré, ilé ẹ̀kọ́ Gíríìkì ni wọ́n ń lọ. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ló kà á sí ìyà.

Àmọ́ ní pápá ẹgbẹ́ Hellas, ẹgbẹ́ tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1959, kò sẹ́ni tó ń tijú èdè rẹ̀. Ibẹ̀ ni bàbá Ange ti ń rí ara rẹ̀ bí ọkùnrin láàárín àwọn ènìyàn rẹ̀, ibẹ̀ náà ló sì mú ọmọ rẹ̀ lọ.

Ní 1991, Puskás àti Ange gba ife-ẹ̀yẹ líìgì Ọsirélíà. Ohun tí ènìyàn bá gbọ́ ní èdè kan, tó tún fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ní òmíràn, kì í bọ́rọ̀ gbàgbé. Bọ́ọ̀lù akọlù tí Puskás fẹ́ràn ni Ange fi gba ife-ẹ̀yẹ Éṣíà fún Ọsirélíà ní 2015, òun náà ló kó lọ sí Tottenham, tó sì gba Europa League fún wọn ní 2025.

Ẹ̀yin òbí tí ẹ wà ní ìdálẹ̀, ẹ má ṣe jẹ́ kó sú yín láti máa fi èdè yín bá ọmọ sọ̀rọ̀. Ká ní Gẹ̀ẹ́sì nìkan ni wọ́n fi tọ́ Ange, awakọ̀ lásán ni ì bá jẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ Puskás.