Tọkọtaya tó bá dé Cologne, ẹ má kánjú

Àwọn àgbà ní ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ọ̀rọ̀ yìí bá ìlú Cologne, lórílẹ̀-èdè Jámánì, mu gan-an.

Tọkọtaya tó wá gbafẹ́ níbẹ̀ lè fi ẹsẹ̀ rìn dé ibi tó pọ̀. Bí wọ́n bá ti jáde ní ibùdókọ̀ rélùwéè, ṣọ́ọ̀ṣì ńlá ìjọ Àgùdà ni wọn yóò kọ́kọ́ rí, tí ilé ìṣọ́ rẹ̀ méjèèjì ga tó mítà 157. Odò Rhine kò jìnnà síbẹ̀ rárá.

Orí afárá Hohenzollern, tó gba orí odò náà kọjá, ni ọ̀pọ̀ olólùfẹ́ máa ń sáré lọ. Láti nǹkan bí ọdún 2008 ni wọ́n ti ń kọ orúkọ ara wọn sára àgádágodo, wọn á tì í mọ́ irin afárá, wọn á sì ju kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ sódò. Èrò wọn ni pé ìfẹ́ àwọn kò ní tú mọ́ láéláé.

Kò burú. Ṣùgbọ́n ẹni tó ti lo ọgbọ̀n ọdún nílé ọkọ mọ̀ pé ìgbéyàwó kì í ṣe ohun tí à ń fi àgádágodo tì. Afárá ọ̀hún pàápàá ti wó rí. Lọ́dún 1945, bí ogun àgbáyé kejì ṣe ń parí lọ, àwọn ọmọ ogun Jámánì fúnra wọn ló wó o, kí ọ̀tá má baà gbà á kọjá. Ẹ̀yìn ogun ni wọ́n tó tún un kọ́.

Ara ṣọ́ọ̀ṣì ni ẹ̀kọ́ wà. Ọdún 1248 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, kí wọ́n lè ríbi tó yẹ gbé àpótí tí wọ́n gbà pé egungun àwọn amòye tó wá kí Jésù wà nínú rẹ̀ sí. Ní nǹkan bí ọdún 1560, iṣẹ́ dúró. Ọdún 1842 ni wọ́n tó padà sẹ́nu rẹ̀, wọ́n sì parí rẹ̀ lọ́dún 1880. Ọdún 632 gbáko! Bọ́ǹbù bà á léraléra nígbà ogun, èyí tó pọ̀ jù nínú àárín ìlú wó, síbẹ̀ òun dúró.

Títí dòní, àwọn agbẹ́kùúta kò yé tún un ṣe, nítorí òjò àti èéfín ń jẹ òkúta rẹ̀. Àwọn ará ìlú a máa dápàárá pé ọjọ́ tí iṣẹ́ bá parí níbẹ̀ ni ayé yóò parẹ́.

Àtẹ̀gùn 533 ló wà nínú ilé ìṣọ́ tí wọ́n ń gùn. Ẹni tí orúnkún ń dùn, kó jókòó jẹ́ẹ́ sétí odò. Bàbá sì lè ra lọ́fínńdà fún ìyá, nítorí ìlú yìí gan-an ni lọ́fínńdà tí à ń pè ní kolóǹ ti gba orúkọ. Láti ọdún 1709 ni ilé Farina ti wà níbẹ̀.

Ìṣẹ́jú kan tó láti ti àgádágodo. Àtúnṣe ojoojúmọ́ ló ń mú ilé dúró, ti òkúta ni o, ti lọ́kọláya ni o.