Ọkọ̀ Eré-ìje Níwájú Ẹ̀rọ Àyẹ̀wò

Ní Ìpínlẹ̀ Èkó, ìwé ẹ̀rí pé ọkọ̀ yẹ lójú títì ń lo ọdún kan fún ọkọ̀ aládàáni, oṣù mẹ́fà péré fún akérò. Ẹ̀rọ LACVIS, iléeṣẹ́ tó ń fi kọ̀ǹpútà yẹ ọkọ̀ wò l'Ékòó, ló ń ṣe àyẹ̀wò náà: bíréèkì, iná, èéfín, ṣọ́ọ̀kì àti abẹ́ ọkọ̀. Ibẹ̀ ni ọkọ̀ tí wọ́n tún ṣe fún eré-ìje ti ń kọsẹ̀. Bí wọ́n bá gé sípíríìnì kí ọkọ̀ lè wálẹ̀, àwo tó ń mi ẹsẹ̀ ọkọ̀ lè fi hàn pé táyà kò di ilẹ̀ mú. Níbi bíréèkì, rólà ń yí táyà lójú kan. Bí agbára tòsì bá yàtọ̀ jù sí tọ̀tún, kò sí ẹ̀bẹ̀, ẹ̀rọ kì í gba àbẹ̀tẹ́lẹ̀. Ẹni tó yọ ohun tó ń sẹ́ èéfín nínú sáléńsà náà yóò gbọ́ tirẹ̀.

Ìwé tún wà ńbẹ̀. Ẹ́ńjìnnì tòkunbọ̀ pọ̀ ní ọjà Ládìípọ̀ ní Muṣin. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá pààrọ̀ ẹ́ńjìnnì tàbí tó yí ọ̀dà padà gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ tún ìwé ọkọ̀ ṣe. Ẹni tó bá sì pààrọ̀ sípíríìnì dípò kó gé e kò yẹ kó ta ti àtijọ́ fún oníṣòwò irin àlòkù: òun ni wọ́n sábà máa ń dá padà sídìí ọkọ̀ kí àyẹ̀wò tó pé.