Ṣé o mọ̀? Ínhélà lè ṣáájú eré

Ẹni tí èémí rẹ̀ máa ń há bó bá sáré lè fi oògùn dènà rẹ̀ kó tó gbé ẹsẹ̀ rárá. Salbutamol ni oògùn náà, èyí tó wà nínú ínhélà aláwọ̀ búlúù tí ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ̀ sí Ventolin. Bí dókítà bá ti kọ ọ́ fún ènìyàn, yóò fi ẹnu fà á sínú ní bíi ìṣẹ́jú 15 ṣáájú eré, ààbò rẹ̀ a sì tó wákàtí 2 sí 4.

Ní Agboyi ní Èkó, níbi tí wọ́n ti ń wọ ọkọ̀ ojú omi kọjá sí Kétu, ọmọ tó ní ikọ́ fée lè fà á kó tó di àjẹ̀ mú tàbí kó tó wọ pápá bọ́ọ̀lù. Nígbà ọyẹ́ gan-an ló yẹ kó ṣọ́ra jù, nítorí afẹ́fẹ́ tútù tó gbẹ máa ń tètè mú ọ̀nà èémí fún pọ̀.

Àmọ́, bí ènìyàn bá ń fa salbutamol lójoojúmọ́, agbára ààbò rẹ̀ á máa dín kù. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ ni dókítà máa ń fún ní ínhélà mìíràn tó ní sítẹ́rọ́ìdì, tí yóò máa fà lójoojúmọ́. Ìyẹn lè gba ọ̀sẹ̀ mélòó kan kó tó ṣiṣẹ́ dáadáa. Gbogbo ìgbà tó bá sì ti fà á tán, kó fi omi yọ ẹnu, kó sì tu ú dànù.