Àwòrán ọba inú férémù: ta ló yà á, ṣé ó fojú rí i?

Ọ̀kan nínú yín tó ń parí òtẹ́ẹ̀lì kékeré kan ní Ògbómọ̀ṣọ́ fi àwòrán mẹ́ta ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp. Èkó ló ti rà wọ́n, wọ́n ti wà nínú férémù. Àkọ́kọ́ ni ọba ńlá ilẹ̀ Ṣáínà tí wọ́n gbé lọ sínú àgọ́ láti gba àlejò. Èkejì ni Ọba Ìbíní lórí ẹṣin, tòun ti onílù àti ẹkùn. Ẹ̀kẹta ni ọdún ìbílẹ̀ àwọn ọba Dàhòmì. Ó ní, "Prof, ẹ jọ̀ọ́, ṣé òótọ́ ni wọ́n? Èwo ni kí n gbé kọ́ sí pálọ̀?" Ìbéèrè gidi ni. Ohun tí ọmọdé bá ń rí lára ògiri lójoojúmọ́, ìtàn ló máa kà á sí.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe irú àwòrán bẹ́ẹ̀. Kí kámẹ́rà tó dé, ẹni tó ń fín àwòrán á fi irin ṣóńṣó fín in sára pẹlẹbẹ bàbà, wọ́n á fi tàdáwà kún ojú fífín náà, wọ́n á sì tẹ̀ ẹ́ mọ́ bébà. Inú ìwé ni ọ̀pọ̀ ti jáde. Nígbà tó yá, ọlọ́jà á fa ojú ewé yẹn yọ, á kùn ún ní ọ̀dà, á fi férémù sí i. Tó bá fi máa dé ọ̀dọ̀ wa, ọ̀rọ̀ tó ṣàlàyé rẹ̀ ti kù sẹ́yìn.

Ká mú ti Ṣáínà. Ní ọjọ́ 14 oṣù kẹsàn-án 1793, ọba Qianlong gba Lord Macartney, aṣojú ọba Gẹ̀ẹ́sì, ní Jehol, ìlú tí à ń pè ní Chengde lónìí. William Alexander, ayàwòrán ikọ̀ náà, ló ya àwòrán tó wà nínú ìwé tí George Staunton gbé jáde ní 1797. Tẹ́ ẹ bá wo bí àwọn ìjòyè ṣe tò, ẹ ó rò pé ẹ̀gbẹ́ wọn ló dúró sí. Kò sí níbẹ̀ rárá! Wọ́n fi í sílẹ̀ ní Beijing. Àwòrán tí Parish, ọmọ ogun kan tó bá wọn lọ, yà ni Alexander fi ṣiṣẹ́. Ìròyìn kò tó àfojúbà.

Ti Ìbíní tún jìnnà jù bẹ́ẹ̀ lọ. Inú ìwé tí Olfert Dapper kọ nípa Áfíríkà ló ti wá, èyí tí Jacob van Meurs tẹ̀ ní Amsterdam ní 1668. Dapper ò fẹsẹ̀ tẹ Áfíríkà rí. Àkọsílẹ̀ àwọn oníṣòwò, bíi ti Samuel Blommaert, ló ń kà. Ṣé ká wá sọ ọ́ nù? Ẹ má yára. Ẹ wo òrùlé ààfin inú àwòrán náà: ilé ṣóńṣó gíga wà lórí rẹ̀, ẹyẹ sì wà lórí wọn. Àwọn iṣẹ́ idẹ Ìbíní, tí ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì kó lọ ní 1897, fi irú ẹyẹ yẹn hàn lórí ààfin. Ẹni tí ò débẹ̀ gbọ́ ohun kan dáadáa, iṣẹ́ ọwọ́ àwọn onílùú ló sì jẹ́rìí sí i.

Ti Dàhòmì ló ń kọ mí lóminú. Archibald Dalzel ló fi sínú ìwé rẹ̀ ní 1793, nígbà tí Dàhòmì ṣì ń san ìṣákọ́lẹ̀ fún Ọ̀yọ́. Dalzel gbé Ouidah, ó fojú rí nǹkan níbẹ̀, n kò sì ní purọ́ fún yín pé wọn kì í fi èèyàn rúbọ lásìkò ọdún náà. Ṣùgbọ́n oníṣòwò ẹrú ni. Ní àkókò yẹn, àwọn kan ń jà ní Lọ́ńdọ̀nù kí òwò ẹrú dópin. Ohun tí Dalzel fẹ́ kí wọ́n gbà ni pé bí wọn ò bá ra àwọn ẹrú wọ̀nyí, pípa ni wọ́n máa pa wọ́n. Èyí ló fi yan ohun tí yóò fi hàn. Ẹni tó débẹ̀ náà lè ní ọjà tó ń tà.

Nítorí náà, ìbéèrè mẹ́ta ni kẹ́ ẹ máa bi àwòrán: Ta ló yà ọ́? Ṣé ó débẹ̀? Ta ni wọ́n fẹ́ kó rà ọ́? Ẹ fi ìkẹrin kún un bó bá jẹ́ ti ètùtù: ṣé ibi tí àlejò lè dé ni? Aláàfin tuntun máa ń wọ ìpèbí; ẹnikẹ́ni tó bá ya inú ìpèbí fún yín, orí ara rẹ̀ ló ti rò ó.

Àwa náà kò jókòó lásán kí wọ́n máa yà wá o. Ní oṣù kejì 1826, Hugh Clapperton wo eré egúngún níwájú Aláàfin ní Ọ̀yọ́-Ilé. Òjòlá jáde, lẹ́yìn náà ni egúngún kan jáde bí òyìnbó, ó tẹ́ẹ́rẹ́, ó ń fọwọ́ ra ọwọ́ bí ẹni tí òtútù mú. Òyìnbó ń kọ tiwa sínú ìwé, àwa náà ń fi eré ya tirẹ̀!

Ìdáhùn mi nìyí, ọmọ mi. Gbé ti Ṣáínà àti ti Ìbíní kọ́, kí o sì kọ orúkọ ayàwòrán àti ọdún sábẹ́ wọn. Ti Dàhòmì, má gbé e kọ́ láìsí àlàyé ẹni tí Dalzel jẹ́. Lẹ́yìn náà, wá àwòrán ọdún Ṣàngó ní Ọ̀yọ́, tí UNESCO fi sínú àkọsílẹ̀ rẹ̀ ní 2023, lọ́wọ́ ayàwòrán tó wà níbẹ̀. Kọ orúkọ rẹ̀, ọjọ́ àti ibi tó dúró sí sẹ́yìn férémù. Ẹni tó máa rà á ní ọgọ́rùn-ún ọdún sí i kò ní nílò láti bi Prof kankan.