Ìtàn Ìwáṣẹ̀ àti Àkọsára: Ọ̀rọ̀ Méjì fún Ẹni tí Ń Ya Fọ́tò Owó Gíríìkì Àtijọ́

Nínú àwọn ìwé tí a fi èdè Gẹ̀ẹ́sì kọ nípa owó àtijọ́, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni wọ́n ń lò fún ohun méjì tí kò jọra. Ọ̀rọ̀ náà lè dúró fún ìtàn tí a ń sọ nípa òrìṣà àti akọni. Ó sì lè dúró fún àwọn lẹ́tà tí ó wà lára owó. Atúmọ̀ èdè tí kò bá fura yóò kọ ‘ìtàn’ níbi tí kò yẹ, akẹ́kọ̀ọ́ yóò sì máa wá ìtàn níbi tí lẹ́tà wà. Àbá wa ni pé kí á fi ìtàn ìwáṣẹ̀ mọ sí ti àkọ́kọ́, kí á sì máa pe èkejì ní àkọsára. Ìyàtọ̀ yìí kan ẹni tí ń ya fọ́tò owó náà gbọ̀ngbọ̀n, nítorí ibi tí ó bá gbé iná sí ni yóò pinnu ohun tí òǹkàwé yóò rí.

Ẹ jẹ́ kí á mú owó fàdákà Kọ́ríńtì yẹ̀ wò. Ẹṣin abìyẹ́ tí ń jẹ́ Pegasus wà ní ojú kan rẹ̀. Àwọn Gíríìkì sọ pé ọrùn Medusa ni ó ti jáde nígbà tí Perseus bẹ́ ẹ lórí, àti pé Bellerophon, ọmọ bíbí Kọ́ríńtì, ni ó fi ìjánu tí òrìṣà Athena fún un mú un níbi tí ó ti ń mu omi ní ìsun Peirene. Ìtàn ìwáṣẹ̀ nìyẹn. Ṣùgbọ́n àwọn ìlú tí àwọn ará Kọ́ríńtì tẹ̀ dó, bí Leukas àti Ambrakia, ya ẹṣin kan náà sí owó tiwọn. Kí ni a ó fi mọ ọ̀kan yàtọ̀ sí èkejì? Lẹ́tà kékeré kan lábẹ́ ikùn ẹṣin ni: Ϙ fún Kọ́ríńtì, Λ fún Leukas, Α fún Ambrakia. Lẹ́tà Ϙ, tí wọ́n ń pè ní kóppà, kúrò nínú ìwé kíkọ ojoojúmọ́ níkẹyìn, ṣùgbọ́n Kọ́ríńtì kò yọ ọ́ kúrò lára owó rẹ̀. Bí òjìji ikùn ẹṣin bá bo lẹ́tà yìí mọ́lẹ̀, ẹwà fọ́tò náà di asán. A kò ní mọ ìlú tí ó ni owó.

Òǹtẹ̀ méjì ni wọ́n fi ń ṣe irú owó bẹ́ẹ̀. Òǹtẹ̀ ìsàlẹ̀ dúró ṣinṣin. Wọn a gbé fàdákà pẹlẹbẹ lé e, wọn a gbé òǹtẹ̀ òkè lé fàdákà, wọn a sì fi òòlù lù ú. Àwòrán tí ó jìn nínú òǹtẹ̀ ni ó ń yọ gọ̀ngọ̀ lára owó. Nítorí náà a lè pe ti òǹtẹ̀ ní àwòrán ajìn, kí á pe ti owó ní àwòrán ayọgọ̀ngọ̀. Ìmọ́lẹ̀ tí ń ti òkè wá ni ó mọ́ ojú ènìyàn lára. Bí a bá gbé iná sí ìsàlẹ̀, ayọgọ̀ngọ̀ yóò dà bí ajìn, imú Athena yóò sì di kòtò. Òkè, tàbí apá òsì lókè, ni kí iná wà. Bí ó bá rẹlẹ̀ jù, òjìji yóò gùn, yóò sì pa àkọsára. Bí ó bá dojú kọ owó gan-an, àwòrán yóò tẹ́ pẹrẹsẹ. Bébà funfun tí a gbé dúró ní òdì kejì iná yóò dá ìmọ́lẹ̀ díẹ̀ padà sábẹ́ ikùn ẹṣin, lẹ́tà yóò sì hàn. (Dídán fàdákà ni ó mú kí ọ̀pọ̀ mùsíọ́mù láyé àtijọ́ máa ya ẹ̀dà tí wọ́n fi pílásítà mọ dípò owó fúnra rẹ̀.)

Owó Áténì kò ni ènìyàn lára tó bẹ́ẹ̀. Lẹ́tà ΑΘΕ hàn gbangba lẹ́gbẹ̀ẹ́ òwìwí, ẹ̀ka igi ólífì sì wà lẹ́yìn rẹ̀. Ìṣòro ibẹ̀ jẹ́ ti òǹkàwé wa, tí ń fi ìbẹ̀rù gbọ́ ohùn òwìwí lóru. Ẹyẹ Athena, òrìṣà ọgbọ́n, ni òwìwí lọ́dọ̀ àwọn Gíríìkì. Kí atúmọ̀ èdè má ṣe pààrọ̀ ẹyẹ náà. Gbólóhùn àlàyé kan ti tó.

Owó Rhodes ni ó gbádùn mọ́ wa jù lọ. Ojú kan ní orí Helios, òrìṣà oòrùn. Pindar, nínú ewì tí ó kọ ní ọdún 464 Ṣ.K. fún Diagoras tí ó borí nínú ẹ̀ṣẹ́ kíkàn, sọ pé Helios kò sí níbẹ̀ nígbà tí àwọn òrìṣà ń pín ilẹ̀, ó sì bẹ̀bẹ̀ fún erékùṣù tí ó rí tí ń yọ bọ̀ láti ìsàlẹ̀ òkun. Ojú kejì ní òdòdó róòsì pẹ̀lú àkọsára ΡΟΔΙΟΝ, ‘ti àwọn ará Rhodes’. Òdòdó yìí kì í ṣe ìtàn ìwáṣẹ̀, kì í sì í ṣe àkọsára: ‘rhodon’ ni Gíríìkì ń pe róòsì, àwòrán náà sì ń pe orúkọ ìlú. Àwa náà mọ irú ọgbọ́n yìí. Ẹni tí ó fi owó ẹyọ mẹ́fà ránṣẹ́ ń sọ pé ọkàn òun fà sí ẹni tí ó rán an sí, nítorí ẹ̀fà àti fà. Àwòrán àrokò ni a ó máa pè é.

Helios kọjú sí ẹni tí ń wò ó ni, kì í ṣe pé ó fi ẹ̀gbẹ́ hàn, imú rẹ̀ sì sún mọ́ awò kámẹ́rà ju irun rẹ̀ lọ. Kí ayàwòrán dín ojúhò kámẹ́rà kù, èyíinì ni ihò tí ìmọ́lẹ̀ ń gbà wọlé, kí ó sì jẹ́ kí ó pẹ́ díẹ̀ kí ó tó padé. Imú àti irun yóò mọ́ kedere pọ̀.